Ìwé ìròyìn ìlú tí ogun ká mọ́: kí ni Abẹ́òkúta ayé ìgbà ogun Ìjàyè lè là yé wa?

Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, láàárín àwọn ọmọ ogun ìjọba Sudan àti ikọ̀ RSF, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun mìíràn tó ń bá wọn du agbára, kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn orí bébà fi kógbá wọlé níbẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé wà láàárín ìlú níbi tí ìbọn ti ń ró. Bébà kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn tó ń tà á ti sá, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn sì ti gba Cairo, Nairobi àti Kampala lọ. Fóònù ló ṣẹ́ kù fún ará ìlú láti fi mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tún wá kú ní oṣù kejì ọdún 2024, àgbọ́sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ ẹni tó wà láyé àti ẹni tó ti kú nínú ẹbí wọn.

Ti Ukraine gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní Melitopol, tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, wọ́n lọ kó ẹni tó ni ìwé ìròyìn ìlú náà àti díẹ̀ nínú àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Lẹ́yìn náà ni ayédèrú ìwé ìròyìn yẹn jáde: orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ wà lókè, ọ̀rọ̀ àwọn tó gba ìlú ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ènìyàn lè má gba ìwé ìròyìn àjèjì gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń bá a kéde òkú àti ìgbéyàwó àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́, yóò wò ó dáadáa kó tó jù ú nù. Ní àwọn ìletò tó wà létí ojú ogun, níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké ṣì ń jáde, àwọn olóòtú mìíràn sì ń fi ọkọ̀ ara wọn gbé e lọ fún àwọn arúgbó tó kọ̀ láti fi ilé sílẹ̀. Owó ìrànwọ́ láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn Ukraine fi ń mí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó USAID dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọwọ́ wọn há gidigidi.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa máa ń bi ara wọn nípa àwọn ogun wọ̀nyí ni pé, ìwé ìròyìn wo ni kò ṣègbè? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò lè gbé wa dé ibi kankan. Inú ìlú tí wọ́n dó tì ni olóòtú ń sùn, omi ìlú náà ló ń mu, bí ọ̀tá bá sì fọ́ odi wọlé, òun náà ni wọ́n máa mú. Ẹ jẹ́ ká kúkú béèrè pé: ta ló ni ẹ̀rọ? Ọ̀nà wo ni bébà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ni kò ní ibi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀? A kò sì ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀kọ́ kọ́ lórí èyí. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá tẹ̀, inú ogun ló lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìlú kan ló gbè lẹ́yìn, inú ìlú yẹn kan náà ni wọ́n sì fọ́ ọ sí.

Henry Townsend ló dá a sílẹ̀. Ọmọ Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ẹgbẹ́ ìhìnrere ti àwọn Áńgílíkà. Ó kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ṣì wà láyé, ó sì padà wá fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Ní 1854 ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ó sì ń jáde lọ́sẹ̀ méjì méjì.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Lẹ́tà òjé tín-ínrín ni wọ́n ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, tí wọ́n ń tò ó sẹ́yìn sẹ́yìn kó lè hàn dáadáa lórí bébà. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ wà nínú wọn, nítorí ọ̀nà ìkọ̀wé tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ṣeé fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán tẹ̀. Wọ́n á fi tàdáwà yí i, wọ́n á tẹ bébà lé e, wọ́n á ká a sílẹ̀ kó gbẹ. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ogójì owó ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan láyé ìgbà náà, nítorí náà okùn mẹ́ta ni ènìyàn máa kà sílẹ̀ kó tó gba ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀: àwọn tó ṣèrìbọmi, òjíṣẹ́ tó dé, òjíṣẹ́ tó lọ, ẹni tó kú. Ọ̀rọ̀ ọjà tẹ̀ lé e, pàápàá òwú, tí Abẹ́òkúta ń kó ránṣẹ́ sí Manchester. Ní oṣù kẹta ọdún 1860, wọ́n fi ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kún un. Mo gbà pé ìgbà yẹn gan-an ló di ìwé òṣèlú pátápátá. Ẹni tó ń ka Yorùbá ní Abẹ́òkúta kò nílò Gẹ̀ẹ́sì láti mọ ohun tó ń lọ ní Ìtòkú. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wà fún ni oníṣòwò Èkó, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹ́sìn ìlú London tí ọ̀rọ̀ wọn lè dé etí ìjọba. Láti ìgbà náà lọ, ìwé kan náà ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, ó sì ń bá alágbára òde bẹ̀bẹ̀ fún ará ilé.

Ogun ti dé nígbà yẹn. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti ṣètò kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn rẹ̀, Ìbàdàn sì fọwọ́ sí i. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jókòó sí Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní forí balẹ̀ fún Adélù. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn wà: ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá lórí ilẹ̀ tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú àtijọ́ tó ti tú, fi sílẹ̀, ta ni yóò sì máa gba owó ibodè lórí àwọn ọ̀nà tó lọ sókè? Ní 1860, Balógun Ìbíkúnlé kó ogun Ìbàdàn lọ bá Ìjàyè.

Ẹ̀gbá gbè lẹ́yìn Ìjàyè. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Bí Ìbàdàn bá gbé Ìjàyè mì, kò sí ìlú ńlá kankan mọ́ láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ọ̀nà òkè tí ọjà Ẹ̀gbá ń gbà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn ní tirẹ̀ jìnnà sí òkun. Ọ̀nà tó fi ń rí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ gbà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Àwọn méjèèjì sì ti ọ̀nà pa mọ́ ọn.

Ibi tí ìwé ìròyìn Townsend dúró sí ò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá ló wà. Òun ló ti ń bá àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó láti ọdún pípẹ́, ó sì gbà tọkàntọkàn pé Abẹ́òkúta ni ẹnu ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ yóò gbà wọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kò tún yẹ ká gbàgbé ohun tí ojú àwọn tó ń kà á ń rí lójoojúmọ́. Ìjàyè ṣubú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862. Kúrunmí ti kú ní ọdún tó ṣáájú, lẹ́yìn tí ogun pa ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìkólẹ́rú sá wọ Abẹ́òkúta, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì kó àwọn ọmọ Ìjàyè tí kò ní òbí mọ́ wá síbẹ̀. Àdúgbò Àgó Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta di òní olónìí. Olóòtú tó ń wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú, tó wá kọ̀wé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, èmi kò ní gbóríyìn fún un.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìjọ CMS kan náà ní òjíṣẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn, David Hinderer, ọmọ Jámánì, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna. Ọ̀nà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí, àwọn náà ló dí mọ́. Owó ìjọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, oògùn kò dé. Wọ́n ta ẹrù ilé wọn díẹ̀ díẹ̀ láti fi jẹun, àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lọ́dọ̀ sì ń bá wọn jẹ ìyà náà. Ọdún gbọọrọ ló kọjá bẹ́ẹ̀, títí di 1865 tí Gómìnà Gólóbà, ìyẹn John Glover, rán ikọ̀ kan láti Èkó gba inú igbó lọ mú Anna jáde. Hinderer kò rí ogun náà bí Townsend ṣe rí i. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbá ló ń fi ebi àti àìní pa ìlú tí òun ń gbé. Ọkùnrin méjì, ìjọ kan, Bíbélì kan, ogun kan. Ìlú tí oníkálùkù ń gbé ló pinnu ohun tó rí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní Abẹ́òkúta, kò sì sí ní Ìbàdàn.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bí oníṣòwò Liverpool tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London bá fẹ́ mọ̀ nípa ogun ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí Abẹ́òkúta sọ ló wà ní títẹ̀. Òwú tún fi kún agbára rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, òwú Amẹ́ríkà kò rí ọ̀nà dé Manchester mọ́, owó òwú sì fò sókè. Ojú àwọn aláṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí sí ibikíbi tí òwú bá ti lè wá, Abẹ́òkúta sì wà lára rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Láti ìgbà náà ni ìwé ìròyìn náà ti ní ọ̀tá mìíràn yàtọ̀ sí Ìbàdàn. Ìjọba Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí kí ọjà lè máa wá, Ẹ̀gbá ní ọ̀nà àwọn ni, àwọn ló lè ṣí i tàbí tì í. Townsend gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Èkó nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wọ̀jà.

Nígbà tí Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, wá ń gbèrò láti dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ẹ̀rù ba Freeman, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ní ìparí 1862, ó kọ̀wé sí London pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bu owó orí lé ìwé ìròyìn, kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó kà sí ẹni tí ọ̀làjú wọn kò tíì tó. London kọ̀ fún un. The Anglo-African bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1863, ó sì parí ní ìparí 1865. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú mi nínú ìtàn yìí ni ohun tí Freeman fẹ́ lò. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Owó ni. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1903, ìjọba Èkó ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi 250 pọ́n-ùn dúró. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí àwọn ará Èkó pa, òfin náà dúró.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba amúnisìn tún rí ọ̀nà mìíràn. West African Pilot, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, kò ṣe alátakò ogun tí wọ́n ń bá Hitler jà. Ó kàn ń béèrè pé òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣèlérí ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, ṣé ó kan àwọn ènìyàn dúdú náà? Churchill ti sọ fún ilé aṣòfin rẹ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Hitler gbà ni òun ní lọ́kàn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 1945 nítorí owó oṣù tí kò ra nǹkan mọ́, Pilot dúró tì wọ́n. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba fòfin de òun àti Daily Comet, wọ́n ní wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà po. Ogun Yúróòpù ti parí ní oṣù méjì ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Abẹ́òkúta. Nǹkan le sí i níbẹ̀ lẹ́yìn tí Ìjàyè ṣubú. Ogun náà kò parí, ó kàn ṣípò lọ sí Rẹ́mọ, níbi tí Ẹ̀gbá ti lọ dó ti Ìkòròdú nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọjà Ìbàdàn kọjá sí Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 1864, Dahomey tún gbógun wá bá Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní 1851, Ẹ̀gbá sì tún lé wọn padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, Gólóbà kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ìkòròdú, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí àgọ́ Ẹ̀gbá, ó sì tú ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú tí ará Abẹ́òkúta fi ń wo òyìnbó, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, yí padà.

Ẹ rò ó wò. Fún ọdún márùn-ún, ìwé ìròyìn Townsend ti ń sọ fún Ẹ̀gbá pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rẹ́ wọn, pé ìjọba Èkó nìkan ló ń ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹni tí rọ́kẹ́ẹ̀tì pa ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú kò ní ìdí láti ya gómìnà sọ́tọ̀ kúrò lára òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ẹ̀gbá tó ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, dé náà ti ń dìde. G. W. Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso kan sílẹ̀ ní 1865 lábẹ́ Baṣọ̀run, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń bá Èkó kọ lẹ́tà fúnra wọn. Wọn kò fẹ́ kí òyìnbó máa gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi rí òtítọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà mọ oore tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ṣe fún èdè wa.

Nígbà tí Gólóbà wá ń fi ọlọ́pàá Èkó sí àwọn ibi tí Ẹ̀gbá ń pè ní ilẹ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ bẹ́ lójú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn ènìyàn ya wọ àwọn ilé ìjọ kákàkiri Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́. Ẹ̀gbá ń pe ọjọ́ náà ní Ìfọ́lé títí di òní. Àwọn òjíṣẹ́ òyìnbó bọ́ sọ́nà Èkó, Ìwé Ìròhìn sì kú níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ.

Ti Ìbàdàn wá ńkọ́? Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ Hinderer nígbà ogun náà, Samuel Johnson, ọmọ Sàró tí baba rẹ̀ mú wá sí Ìbàdàn ní 1858, tí ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó dàgbà nínú ìlú tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó ń lọ bá àwọn àgbà tó jagun, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀: bí Ìbàdàn ṣe rí ọ̀rọ̀ Kúrunmí, bí Ìbíkúnlé ṣe lọ́ra kó tó jáde, ohun tí ojú àwọn ará Ìjàyè rí nígbà tí ìlú wọn fọ́. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àjákù tó kù jọ, tó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì jáde ní títẹ̀ títí di 1921. Ìjàyè ti ṣubú fún ọdún 59.